Ìrìn alẹ́ létí odò Thames: wọ́n mọ ọ̀nà, àmọ́ wọn ò sọ ìtàn Adam tán

Ẹ jẹ́ n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú lè mọ èyí tó máa ṣe. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ rìn létí omi lálẹ́ kẹ́ ẹ sì gbọ́ ìtàn London àtijọ́, owó yín ò ní ṣòfò rárá. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí ìtàn ọmọdékùnrin tí wọ́n yọ nínú odò yẹn lọ́dún 2001, èyí tí àwọn ọlọ́pàá sọ ní Adam, lẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ mọ̀ pé wọn ò sọ ọ́ tán, ibi tí wọ́n gé e sí gan-an ló sì kan àwa ọmọ Yorùbá jù nínú gbogbo ẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Àwọn tó ń mú èèyàn rìn kiri lálẹ́ nílùú yìí pọ̀ bíi kí ló dé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ máa bú ọmọkùnrin tó mú wa rìn, torí ọmọlúwàbí ni. Ohun tó ń sọ lẹ́nu ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Bó ṣe rí nìyí. Orí fóònù lẹ ti máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, bí ogún pọ́n-ùn lórí àgbàlagbà kan, wọ́n á fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ ó sì pàdé wọn níta ibùdó rélùwéè London Bridge. Láti ibẹ̀ lẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ Southwark Cathedral, ẹ ó kọjá lára Borough Market nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá ti palẹ̀ mọ́, ẹ ó dé ibi tí ẹ̀wọ̀n Clink wà láyé àtijọ́, ẹ ó dé ọ̀dọ̀ ilé eré tó ń jẹ́ Globe, ẹ ó kọjá níwájú Tate Modern tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí, ẹ ó sì parí ẹ̀ nítòsí afárá Blackfriars. Bíi wákàtí méjì ni. Kò le. Àǹtí mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta, tí orúnkún ń dà láàmú, rìn ín dópin, gáìdì náà sì máa ń dúró dè wọ́n láìfajúro, ó tún máa ń wá ibi tí wọ́n lè jókòó sí kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tó bá gùn.

Ohùn ẹ̀ dáa, kò lo máìkì síbẹ̀ gbogbo wa la gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹni tó kọ́ ìtàn sórí tó wá ń kà á bí ọmọ iléèwé. Apá tó ti sọ̀rọ̀ nípa odò yẹn fúnra ẹ̀ ni mo gbádùn jù. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé London, orí afárá la ti ń wo Thames látinú bọ́ọ̀sì, a ò mọ̀ pé omi tó ń kún tó ń fà ni, pé òkun ló ń tì í wọlé tó tún ń fà á jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti pé lágbègbè London Bridge yẹn ó lè ga sókè tó mítà méje kó tún wálẹ̀. Ó mú wa dúró lórí àtẹ̀gùn kan nígbà tí omi ti fà, a rí òkúta, a rí àfọ́kù, ó sì ṣàlàyé pé nǹkan tó bá já sómi níbì kan lè rìn lọ sókè kó tún padà sísàlẹ̀ kó tó gúnlẹ̀. Àlàyé yẹn wúlò gan-an fún ìtàn tó ń bọ̀, torí orí Tower Bridge lẹnìkan tó ń kọjá ti kọ́kọ́ rí ọmọ yẹn lójú omi, ìtòsí Globe tó jìnnà díẹ̀ sókè làwọn ọlọ́pàá ti wá gbé e jáde. Odò ló gbé e rìn.

Ó wá dé orí Adam. Lẹ́bàá irin tí wọ́n fi dáàbò bo etí odò níwájú Globe la dúró sí. Ó ní ọjọ́ 21 oṣù September 2001 ni, òótọ́ sì ni. Ó ní ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, pé ọjọ́ orí ẹ̀ wà láàárín ọdún mẹ́rin sí méje, pé kò sórí, kò sápá, kò sẹ́sẹ̀, pé ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn nìkan ló wà lára ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí ìyá kankan tó wá sọ pé ọmọ òun sọnù, kò sí iléèwé kankan tó ní ọmọ kíláàsì àwọn ni, ìdí nìyẹn táwọn ọlọ́pàá fi fún un lórúkọ fúnra wọn, tó fi di pé Nelson Mandela fúnra ẹ̀ jáde sọ̀rọ̀ lọ́dún 2002 pé kí ẹni tó bá mọ̀ nǹkan kan ní Áfíríkà dìde kó sọ. Títí dé ibí yìí, mi ò rí àléébù kankan, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kò fi ikú ọmọ ṣeré.

Ìgbà yẹn ló wá mú káàdì kan jáde nínú báàgì. Àwòrán ni wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá bò kójò má bàa bà á jẹ́, wọ́n ya àbẹ́là méje sí i, ó ti jó dé ìdajì, aṣọ funfun wà lábẹ́ ẹ̀. Ó tan iná fóònù sábẹ́ káàdì yẹn kí gbogbo wa lè rí i dáadáa, ó sì rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n rí àbẹ́là méje tí wọ́n fi aṣọ funfun wé létí odò yìí kan náà, pé orúkọ kan wà lára aṣọ yẹn, wọ́n tún gé e sára àbẹ́là, pé orúkọ Yorùbá ni. Ó wá dákẹ́. Ó wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ fi ọkàn yín rò ó." Ó sì ní ká máa bọ̀, Tate Modern ló kàn.

Ẹ wò ó, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wo bó ṣe rí fún ẹni tó jẹ́ Yorùbá láàárín èrò yẹn. Àwọn tó kù jẹ́ òyìnbó àti àwọn àlejò tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, àwa mẹ́ta la jẹ́ dúdú, ìró àti gèlè àǹtí mi ò sì pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan bojú wẹ̀yìn wò wá, ó tún bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí mi fà mí lápá.

"Ṣé torí àbẹ́là ni wọ́n ṣe ń wò wá báyìí?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn mà. Ẹ jẹ́ n lọ bi í."

"Bi í o. Torí àbẹ́là méje àti aṣọ àlà, kí nìyẹn? Àdúrà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ àǹtí mi ò jìnnà sí òótọ́ rárá, torí àwọn ọlọ́pàá London tọpasẹ̀ orúkọ yẹn, wọ́n sì rí ẹni tó ni ín. Ó wà láàyè. New York ló ń gbé. Àwọn òbí ẹ̀ tó wà ní London ló ṣe ètò yẹn létí odò láti fi dúpẹ́ pé ọmọ àwọn ò bá ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù September lọ. Ẹ gbé ọjọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ 21 oṣù September tí wọ́n rí Adam, ẹ ó rí i pé ọjọ́ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Ìdílé kan ń yọ̀ pé ọmọ àwọn yè, àbẹ́là ọpẹ́ wọn wá bọ́ sínú odò kan náà tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ ẹlòmíì jáde, bó ṣe di pé ayọ̀ wọn jọ ẹ̀rí ìpànìyàn lójú gbogbo ayé nìyẹn. Mi ò mọ ìtàn míì tó fi ìyàtọ̀ ìfura àti ẹ̀rí hàn tó báyìí, ọ̀dọ̀ gáìdì yìí ló sì wà, ọwọ́ ẹ̀ ló wà, ó kàn ṣẹ́ ẹ sí méjì tó ta ìdajì ẹ̀ fún wa ni.

Mo bi í nígbà tá a ń rìn lọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọlọ́pàá ò wá ẹni tó ni orúkọ yẹn kàn ni? Ó ní wọ́n wá a kàn, pé kò já sí nǹkan kan. Ó mọ̀! Mo ní kí ló dé tẹ́ ò fi sọ ọ́ fáwọn èèyàn? Ó ní àkókò ò pọ̀, pé àwọn èèyàn sì fẹ́ràn kí ìtàn fi nǹkan sílẹ̀ tí wọ́n á máa rò délé. Mi ò bínú sí i pé ó fẹ́ kí ìtàn ẹ̀ dùn, gbogbo apìtàn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ohun tí obìnrin tó bojú wẹ̀yìn yẹn máa rò délé, àwa ni.

Àwa náà ní òwe kan nílé tó ń sọ irú ìrònú yìí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Ó dùn lẹ́nu, a sì máa ń lò ó bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹ tú u wò. Igbe wà, ikú wà, ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn pé igbe yẹn ló pa ọmọ. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí àbẹ́là yẹn nìyẹn gẹ́lẹ́.

Kẹ́ ẹ má rò pé mò ń sọ pé kò sí ohun tó jọ ètùtù nínú ọ̀rọ̀ Adam. Ó wà, ẹ̀rí ló sì fi hàn, kì í ṣe àbẹ́là. Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí, pé apá tí ẹ̀rí wà, tó sì lágbára, gáìdì yìí sáré kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń sá fójò. Àwọn onímọ̀ ewéko ní Kew Gardens yẹ ohun tó wà nínú ìfun ọmọ yẹn wò, wọ́n rí ẹ̀wà Calabar níbẹ̀, májèlé tó máa ń mú kí ara rọ kó má lè gbéra mọ́. Wọ́n tún rí amọ̀ tí góòlù wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ò lè ṣèèṣì wọ inú ọmọdé. Ẹnìkan ló pò ó, ẹnìkan ló fún un mu. Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀wà yẹn ṣe ní ilẹ̀ Ẹ́fíìkì láyé ọjọ́un, ní Calabar àtijọ́: ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó jẹ́ àjẹ́ ni wọ́n ń fún jẹ, tó bá bì í, wọ́n á ní kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tó bá kú, wọ́n á ní ìdí ẹ̀ rèé, àjẹ́ ni. Ìfura ni wọ́n fi ń dájọ́, ikú ni wọ́n wá ń pè ní ẹ̀rí. Àwọn òyìnbó oníṣègùn ní Edinburgh gbé ẹ̀wà yẹn yẹ̀ wò ní nǹkan bí ọdún 1855, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ oògùn tó ń jẹ́ physostigmine nínú ẹ̀, tí wọ́n lò fún àìsàn ojú nígbà kan. Ẹ fojú inú wò ó ká ní gáìdì sọ ìyẹn fún wa lẹ́bàá odò! Ó wuyì ju àbẹ́là lọ, òótọ́ sì ni.

Egungun ọmọ yẹn ńkọ́? Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ àti àpáta ibi téèyàn ti ń jẹ tó ti ń mu, inú egungun ẹ̀ ló máa ń wọ̀ lọ, torí omi ló ń gbé e, àgbàdo àti iṣu ló ń gbé e, ẹran ló ń gbé e. Ken Pye tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì Royal Holloway nígbà yẹn yẹ strontium àti neodymium, ìyẹn irú àwọn èròjà inú àpáta bẹ́ẹ̀, wò nínú egungun Adam, ó ní ilẹ̀ àpáta tó ti pẹ́ gan-an ni ọmọ yìí ti dàgbà, pé ó bá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà mu. Àwọn ọlọ́pàá wá wọ bàálù lọ sí Nàìjíríà lọ́dún 2002, wọ́n ń ṣa òkúta, wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n ń ra ẹran ìgbẹ́ lọ́jà nítorí egungun ẹ̀, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ padà sí London láti fi wéra wọn. Ibi tó bọ́ sí ni ilẹ̀ tó wà láàárín Ìbàdàn sí Ìlú Benin. Ọmọ tí kò lórí tí wọ́n lè fi dá a mọ̀, tí kò lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi wo ìka ẹ̀, ilẹ̀ tó ti jẹun ló dárúkọ ara ẹ̀ fún wọn.

Wọ́n tún rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ tó máa ń fò jáde lára igi àti òdòdó nínú ìfun ẹ̀, irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé ọmọ yìí wọ London láàyè, ó mí afẹ́fẹ́ ẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì lò. Ṣòkòtò péńpé yẹn, lẹ́búlù ara ẹ̀ ni Kids & Company, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ń tà á, ní ṣọ́ọ̀bù Woolworths tibẹ̀. Wọ́n sì rí oògùn ikọ́ nínú ikùn ẹ̀. Oògùn ikọ́ o. Èyí ni mi ò lè gbàgbé. Ẹnìkan gbọ́ tí ọmọ yẹn ń wúkọ́, ẹnìkan wá oògùn, ó rọ ọ́ sí ṣíbí, ó ní "ó yá, la ẹnu", ọmọ náà sì la ẹnu. Bóyá ẹni tó fún un lóògùn yẹn mọ ohun tó ń bọ̀ tàbí kò mọ̀, ẹ̀rí ò tíì sọ ìyẹn fún wa, mi ò sì ní fi ẹnu mi sọ ọ́.

Ní ti Òṣun tó tún kì bọnu nígbà tá a dé iwájú Tate Modern, pé àwọ̀ ṣòkòtò yẹn lè jẹ́ àmì Òṣun, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ síbẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni pé àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe òun ló hùmọ̀ ẹ̀. Àmọ́ Òṣun tí àwa mọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn àgàn ti ń lọ tọrọ ọmọ, Ọlọ́mọyọyọ là ń pè é, omi ẹ̀ ni wọ́n ń bù fún ọmọdé mu kára ẹ̀ lè dá. Kì í ṣe torí pé mo jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Ṣòkòtò yẹn ní lẹ́búlù, lẹ́búlù yẹn ló mú ọlọ́pàá dé Jámánì, àwọ̀ ẹ̀ ò mú ẹnikẹ́ni débì kankan. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ní kò sẹ́ni tó ń fi èèyàn ṣe ètùtù nílé, gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n wà, ọlọ́run á sì mú wọn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mú wọn, lẹ́búlù ni kó wò.

Ibi tó tún ti dùn mí ni bó ṣe parí ẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Adam, ọlọ́pàá rí i pé 300 ọmọkùnrin dúdú, ọdún mẹ́rin sí méje, ni wọn ò rí mọ́ ní àwọn iléèwé London láàárín oṣù mẹ́ta. Gbogbo èrò yẹn kígbe "háà!" Iye yẹn jáde lóòótọ́ lọ́dún 2005, mi ò jiyàn. Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá tó mú iye yẹn jáde ò sọ pé wọ́n pa àwọn ọmọ yẹn. Ọmọ tó kúrò ní iléèwé kan láìsí àkọsílẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé London nígbà yẹn mọ bó ṣe ń rí: ìyá máa gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Manchester torí iṣẹ́ alẹ́, bàbá máa kó wọn padà sílé torí ìwé ìgbélùú, wọ́n á kó kúrò ní Peckham lọ sí Thamesmead láìsọ fún tíṣà, ọmọ tí wọ́n fún alágbàtọ́ máa yí orúkọ padà. Ohun tí iye yẹn fi hàn ni pé ìjọba ò mọ ibi tí àwọn ọmọ wa wà, ìyẹn gan-an sì burú tó, torí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò kà ni wọ́n lè gbé wọ̀lú bí Adam. Àmọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, 300 di òkú. Láàárín ọdún yẹn kan náà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní London rí ojú, pásítọ̀ tó ń gbàdúrà òru di ẹni tí aládùúgbò ń wò láti ojú fèrèsé.

Kò mẹ́nu kan bí ìwádìí ṣe parí rárá, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló yẹ kó fi ṣe ìparí. Ọlọ́pàá ya wọ àwọn ilé kan ní London ní oṣù July 2003, wọ́n mú èèyàn 21, ìwé ìròyìn gbé e gẹ̀gẹ̀ pé wọ́n rí agbárí ẹran tí wọ́n kan ìṣó mọ́. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ikú Adam. Ọkùnrin kan jẹ́bi fífi èèyàn ṣòwò wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n lọ́dún 2004, ìyẹn ẹjọ́ ọ̀tọ̀. Obìnrin kan wà tí wọ́n mú ní Glasgow, aṣọ tó ní lẹ́búlù kan náà pẹ̀lú ṣòkòtò yẹn wà nílé ẹ̀, ó ti gbé ní Jámánì rí, ẹ̀rí tó nípọn nìyẹn, ó sì tọ́ kí ọlọ́pàá bi í léèrè. Wọn ò fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà. Lọ́dún 2011 ó dárúkọ kan fún àwọn akọ̀ròyìn pé orúkọ ọmọ náà nìyẹn, fọ́tò ọmọ kan sì jáde, gbogbo ayé ní a ti mọ Adam. Lọ́dún 2013 ó tún dárúkọ míì. Ọmọ inú fọ́tò yẹn? Ó wà láàyè, ó ti dàgbà. Ẹ ronú nípa ìyẹn náà: ọmọ èèyàn tó ń jí tó ń jẹun, tí wọ́n ti fi fọ́tò ẹ̀ ṣe òkú káàkiri.

A gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, àwọn bàbá wa ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Adam tún kọjá ìyẹn, torí àwọn tó sọ̀rọ̀ pọ̀, egungun àti lẹ́búlù nìkan ló ń sọ ohun kan náà lójoojúmọ́. Ọdún 2006 ni wọ́n sin ọmọ náà sí itẹ́ òkú ní Southwark, kò sí àmì lórí ibojì ẹ̀, wọn ò sì tíì fi ẹ̀sùn ikú ẹ̀ kan ẹnikẹ́ni títí di òní.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n padà sórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó lé. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yẹn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àbẹ́là àti 300 yẹn fún wọn ní ṣókí, wọ́n dáhùn pé àwọn dúpẹ́, àwọn á jíròrò ẹ̀ pẹ̀lú àwọn gáìdì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti yí i padà. Ìràwọ̀ kan ni mo yọ nítorí àbẹ́là, mo yọ èkejì nítorí 300. Ká ní wọ́n sọ ìtàn yẹn tán ni, mi ò bá fún wọn ní márààrún, torí ìrìn yẹn dáa, ọ̀nà yẹn dáa, ọmọkùnrin yẹn sì ní ẹ̀bùn. Ìṣẹ́jú méjì péré ló máa gbà láti ní: wọ́n rí ẹni tó ni orúkọ, ó wà láàyè, ọpẹ́ làwọn òbí ẹ̀ ń dá. Èmi rò pé àwọn èrò yẹn ìbá tún kígbe "háà" ju bí wọ́n ṣe kígbe lọ.

Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ bi gáìdì yín ní ojúkojú, níwájú gbogbo èèyàn, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀ bíi tèmi: ta ló ni àbẹ́là yẹn? Ẹ bi í bóyá ó mọ̀ nípa oògùn ikọ́. Tí àwọn Yorùbá mẹ́ta, mẹ́rin bá ti ń béèrè é léraléra, wọ́n á fi kún un fúnra wọn.

Fún àwọn tó fẹ́ mú àlejò lọ: ẹ wọ bàtà tó ṣe é rìn, òkúta pọ̀ nítòsí Clink, ó sì máa ń yọ̀ tójò bá rọ̀. Ẹ mú kóòtù dání kódà nígbà ooru, afẹ́fẹ́ odò yẹn ò ṣeé fojú di. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ọ̀nà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní London Bridge, àfi tẹ́ ẹ bá wọ ilé ọtí, torí náà ẹ lọ kẹ́ ẹ tó gbéra. Wọ́n ní ọmọ ọdún méjìlá lè wá. Èmi ò ní mú ọmọ tí kò tíì tó mẹ́rìndínlógún lọ, àti pé ọmọ dúdú tó bá máa lọ, kí òbí ẹ̀ ti sọ ìtàn yìí fún un nílé, látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú New York nínú ẹ̀.